Àìdọ́gba àti àìláàbò nínú ìgbé-ayé ẹbí ní agbègbè ààlà Yewa

Agbègbè ààlà Yewa ni apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ó bá Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Lára àwọn ìlú rẹ̀ ni Ìlaró, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa àti ibùjókòó Olú Ìlaró. Ayétòrò, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa. Ìmẹ̀kọ, Ìpókíá, Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìdí-Ìrókò. Títí di ọdún 1995, Ẹ̀gbádò ni orúkọ tí a mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn agbègbè yìí sí. Ọdún náà ni wọ́n gba orúkọ Yewa, tí í ṣe orúkọ odò tí ó la ilẹ̀ wọn kọjá. Ìgbé-ayé ẹbí níbẹ̀ ru àmì ohun méjì tí ó ti ń bá a fínra láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti fa ààlà. Èkíní ni àìdọ́gba, ìyẹn ni pé ọrọ̀, iṣẹ́ àti ọ̀nà rere kò kárí. Èkejì ni àìláàbò, ìyẹn ni pé ènìyàn kò lè fi ọkàn balẹ̀ pé ohun tí òun ní lónìí ni òun yóò bá lọ́la. Inú ilé ni àwọn méjèèjì ti hàn jù: nínú ẹni tí a fi ọmọ fún láti tọ́, ẹni tí ó ń san owó ilé-ìwé, àti ẹni tí a ń sá tọ̀ nígbà ìjà.

Ààlà láàárín ọmọ ìyá

Ṣáájú ọdún 1889, kò sí ààlà orílẹ̀-èdè láàárín Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. Abẹ́ Alákétu ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ogun ni ó ń dà wọ́n láàmú nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì run Kétu ní ọdún 1886, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Àwọn ìlú Ẹ̀gbádò náà jìyà lọ́wọ́ Dàhòmì àti lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ayétòrò, tí àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ìlú para pọ̀ tẹ̀dó lẹ́yìn ogun wọ̀nyí, gba orúkọ tí ó sọ ohun tí wọ́n ń wá: ayé tí ó tòrò.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Brítánì àti ti Faransé tọwọ́ bọ àdéhùn, wọ́n sì fi ìlà pín ilẹ̀ náà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Brítánì, àwọn ará Ìlárá sì bá ara wọn ní ìhà méjèèjì. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìhà kan lè ní oko ní ìhà kejì, kí ìyàwó rẹ̀ sì ti ìhà kejì wá. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó fa ìlà náà.

Ìlà yìí dá àìdọ́gba kan sílẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ní ìhà ti Faransé, owó-orí wúwo, iṣẹ́ ìjọba tipátipá wà lójú ọ̀nà, àwọn aláṣẹ lè fi ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n láìsí ìgbẹ́jọ́, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní sì ni wọ́n ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún iṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí-Ìjè, tí ilẹ̀ wọn jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú tí ó nira láti là kọjá nígbà òjò, dìde sí ìjọba Faransé lásìkò ogun náà. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò jà. Ńṣe ni wọ́n kó ẹrù wọn, tí wọ́n sì rékọjá sí ìhà ti Brítánì. Òpìtàn A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ nípa ìṣípòpadà wọ̀nyí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó láti 1889 sí 1945.

Ohun tí ó mú kí sísá náà ṣeé ṣe ni ẹbí. Ẹni tí ó dé Ìmẹ̀kọ tàbí Ẹ̀gùá láti Kétu kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ó lè ka orúkọ ìyá bàbá rẹ̀, kí ẹnìkan sì wà tí yóò dá a mọ̀. Bí a bá ti dá a mọ̀, yóò rí ibi sùn, yóò sì rí ilẹ̀ díẹ̀ dá oko sí. Ìwé ìdánimọ̀ tí ó lágbára jùlọ ní ààlà náà, kí ìjọba kankan tó tẹ ìwé, ni oríkì ìdílé. Àṣà yìí kò tíì parẹ́, ó sì tún wúlò ní ọdún 2021, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísàlẹ̀.

Iye méjì, ọjà kan

Lẹ́yìn òmìnira Dàhòmì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960 àti ti Nàìjíríà ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìlà náà di ààlà orílẹ̀-èdè méjì tí owó wọn yàtọ̀. Nàìjíríà ń ná náírà láti ọdún 1973; Bẹ̀nẹ̀ ń ná sẹ́fà. Láti ìgbà náà ni iye ọjà kì í ti í dọ́gba ní ìhà méjèèjì. Nàìjíríà fi owó ibodè tí ó pọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìfòfindè pátápátá, dí ọ̀nà mọ́ ìrẹsì òkèèrè, adìyẹ inú yìnyín àti aṣọ àlòkù; Bẹ̀nẹ̀ ṣí èbúté Kútọnu sílẹ̀ fún irú ọjà wọ̀nyí. Nàìjíríà, ní tirẹ̀, fi owó ìrànwọ́ dín iye epo bẹntiróò kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo náà sì ń ṣàn lọ sí Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní orúkọ «kpayo». Ìrẹsì ń wọlé, epo ń jáde. Abúlé tí ó wà láàárín kò gbọdọ̀ ṣe ju pé kí ó gbé ẹrù láti ibi tí ó ti pọ́kú lọ síbi tí ó ti wọ́n.

Fàyàwọ́ ni orúkọ tí Yorùbá fún òwò yìí, nítorí pé ẹni tí ń ṣe é dà bí ẹni tí ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí a má baà rí i. Orúkọ náà fi gbogbo àwọn tí ń ṣe é sínú àpò kan, èyí sì ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má rí àìdọ́gba tí ó wà nínú òwò náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ni ọjà, tí ó ń gbé ìlú ńlá, kì í sábà dé inú igbó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ó ni ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di kẹ́ẹ̀gì epo tàbí àpò ìrẹsì mẹ́rin márùn-ún mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tí ó ń gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín oko ẹ̀gẹ́ lóru. Owó ìrìn kan ni a ń san fún un. Bí àwọn aṣọ́bodè bá gba ẹrù náà, ọlọ́jà pàdánù ìpín díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ọmọkùnrin náà pàdánù ọ̀kadà tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Bí epo náà bá gbiná, ẹ̀mí rẹ̀ ni.

Ìdí tí ọ̀dọ́ fi ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀gẹ́ ń lo tó ọdún kan nínú ilẹ̀ kí ó tó di gàárì, àgbàdo ń dúró de òjò, ọ̀nà oko sì burú débi pé alágbàtà ni ó ń pàṣẹ iye ọjà fún àgbẹ̀. Ìrìn kan ń mú owó wálé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá tí ó bá sọ pé kí ọmọ òun padà sí ilé-ìwé nílò ìdáhùn nígbà tí ọmọ náà bá bi í pé ta ni yóò san owó ìdánwò. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ipò àgbà máa ń yí padà láìsí ariwo: ẹni tí ó ń mú owó wálé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ, ìbáà ṣe àbúrò.

Agbègbè náà kò ṣaláìní ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ìwé gíga Comprehensive ti Ayétòrò, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ láti Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ pa ẹ̀kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga Gbogboniṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaró bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ńlá sì wà ní Ìbèsè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ sí Èkó àti Abẹ́òkúta ni àwọn nǹkan wọ̀nyí sún mọ́. Bí ènìyàn bá ti ń lọ sí ìhà ààlà, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn ń dínkù. Àròyé yìí ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òṣèlú tí a mọ̀ jùlọ ní agbègbè náà: láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, láti ìgbà Olabisi Onabanjo títí dé Dapo Abiodun, kò sí ọmọ Yewa tàbí Àwórì láti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà tí a dìbò yàn sí ipò gómìnà.

Ọwọ́ àwọn obìnrin

Obìnrin ni ó ń so ìhà méjèèjì pọ̀. Òun ni ó ń ná ọjà Ọjà-Ọ̀dàn lọ́jọ́ kan, tí ó sì ń ná ti Kétu tàbí Pòbẹ́ lọ́jọ́ mìíràn; òun ni ó mọ iye tí sẹ́fà jẹ́ sí náírà ní àárọ̀ ọjọ́ náà láìwo ìwé ìròyìn. Láti inú èrè gàárì, epo pupa, ata àti ẹja ni ó ti ń san èsúsú, èsúsú yìí sì ni ààbò tí ó dájú jùlọ tí ọ̀pọ̀ ilé ní. Nígbà tí a bá gba ẹrù ọkọ, nígbà tí ọmọ bá ṣàìsàn, nígbà tí àna bá kú lójijì ní ìhà kejì tí a sì gbọ́dọ̀ ra aṣọ, ìyá ni yóò lọ bẹ olórí èsúsú pé kí ó jẹ́ kí òun kó ti oṣù yìí.

Agbára tí àwọn ìyá ní láwùjọ yìí kì í ṣe tuntun. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré agọ̀ tí a mọ Kétu mọ́ jùlọ tí àwọn Yewa náà sì ń ṣe, jẹ́ ìbọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Àjọ UNESCO fi í sínú àwọn ogún ìran ènìyàn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n ọlá tí a ń fún ìyá lójú agbo kì í sanwó ní ẹnu ibodè. Obìnrin tí ó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ní ẹ̀tọ́, lábẹ́ àdéhùn àjọ ECOWAS ti ọdún 1979 lórí ìrìnkèrindò, láti wọ orílẹ̀-èdè kejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà kò ní ìwé ìrìnnà tí àdéhùn náà ń béèrè, nítorí náà ni wọ́n fi ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ní nǹkan díẹ̀. Nǹkan díẹ̀ yìí kò tó nǹkan fún oníṣòwò ńlá. Ó ń jẹ èrè obìnrin alápẹ̀rẹ̀ kan tán kí ó tó délé.

Ìgbà tí a ti ààlà pa

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti àwọn ààlà ilẹ̀ rẹ̀ pa, láti dẹ́kun fàyàwọ́ ìrẹsì, epo àti ohun ìjà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Àjọ Aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò ju kìlómítà ogún sí ààlà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba kéde ṣíṣí ààlà padà, Sẹmẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí Ìdí-Ìrókò náà ṣí fún ọjà.

Àṣẹ lórí epo ni ó wọ inú ilé jinlẹ̀ jù, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ní abúlé tí kò sí iná mànàmáná, epo bẹntiróò ni ó ń wa ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ̀rọ amúnáwá ilé ìwòsàn kékeré àti ọ̀kadà tí ó ń gbé aboyún lọ sí Ìlaró. Nígbà tí ilé epo bá gbẹ, ọlọ́rọ̀ yóò rán awakọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi tí ó jìnnà láti ra á kún inú ọkọ̀. Tálákà yóò ra á ní ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ara pamọ́ tà á, ní iye tí ẹni náà bá fẹ́. Owó lílọ ẹ̀gẹ́ gòkè, gàárì gòkè, owó ọkọ̀ gòkè. Ẹni tí kò fi ìgbà kan ṣe fàyàwọ́ rí ni ó ń san owó ìtanràn rẹ̀. Onífàyàwọ́ ńlá, tí ó mọ ọ̀nà igbó tí ó sì ní owó tí yóò fi bẹ àwọn ènìyàn, kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà tún wà ńbẹ̀. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú kì í dúró de ìjọba. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ ní láti yàn láàárín ìtìjú àìdé ibi òkú àti ewu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí aláṣọ ìjọba lè rí i lóru kí ó sì rò pé onífàyàwọ́ ni. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ará agbègbè náà ti ń kígbe nípa ìbọn tí a ń yìn nígbà tí a bá ń lé onífàyàwọ́ wọ inú ìlú, tí ó sì ń bá ẹni tí ó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ààbò ti di adìtú: ẹni tí a rán wá láti ṣọ́ ààlà ni àwọn ọmọdé ń sá fún.

Oṣù Kejì ọdún 2021

Àìláàbò tí ó le jùlọ ní ìgbà tiwa dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí ìjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní Ẹ̀gùá, Ìgbóòrò, Asà, Àgbọ́n-Òjòdù àti àwọn abúlé mìíràn ní Àríwá Yewa. A pa ènìyàn, a sun ilé. Ìjà lórí oko tí màlúù jẹ ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé koríko àti omi wọ̀nyẹn ni àwọn màlúù ń wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ó yàtọ̀ ní ọdún yẹn ni iye ẹ̀mí tí ó ṣòfò àti bí ìbẹ̀rù ṣe tàn ká kíákíá. Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé àwọn ìdílé Fúlàní kan ti ń gbé agbègbè náà pẹ́, wọ́n gbọ́ Yorùbá, àwọn náà sì pàdánù ilé àti ẹran nínú rúkèrúdò náà.

Ọ̀pọ̀ ará abúlé sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, àwọn baba ńlá àwọn tí ó gbà wọ́n lálejò ni wọ́n sá wá sí ìhà Nàìjíríà nítorí Faransé. Ní 2021, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà, ní ìdojúkọ òdìkejì. Ààlà tí ìjọba ń tì kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà, èdè Yorùbá kan náà ni wọ́n sì fi kí wọn káàbọ̀. Síbẹ̀, sísá náà kò dọ́gba. Ẹni tí ó ní ọ̀kadà ti lọ kí ẹni tí ó ní ìyá arúgbó tó di ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìbátan ní ìhà kejì ní ibi tí yóò fi orí lé; àwọn atìpó, tí wọ́n ti ibòmíràn wá ṣe àgbàṣe, kò ní ẹni tí wọn yóò ka oríkì fún.

Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ dìde, ó ṣe òfin lórí ìfẹranjẹko ní ọdún náà, ó sì gbé àwọn Àmọ̀tẹ́kùn jáde, ẹgbẹ́ ààbò tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Àwọn tí ó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ohun tí ìròyìn kì í sábà sọ ni pé oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni a ń ṣán oko tí a sì ń gbin iṣu àti àgbàdo àkọ́rọ̀. Ìdílé tí kò sí ní oko ní oṣù wọ̀nyẹn kò ní ìkórè ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tí ó jẹ èèbù iṣu rẹ̀ nítorí ebi kò ní ohun tí yóò gbìn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìbọn dákẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbèsè ń bá a lọ fún ọdún.

Àwọn ọmọ

Kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá jẹ́ àṣà tí ó ti pẹ́ ní ìhà méjèèjì ààlà. Ó ń ran òbí lọ́wọ́, ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ abúlé lọ sí ilé-ìwé ìlú. Òṣì ni ó sọ àṣà náà di ohun mìíràn ní ọwọ́ àwọn agbódegbà, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹbí gba ọmọ lọ́wọ́ òbí tí kò ní. Ní ọdún 2003, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta, a sì dá wọn padà sílé. Ìlú òde gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ní ọdún 2005 sì ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn láti dènà kíkó ọmọ kọjá ààlà. Ìṣòro àwọn òṣìṣẹ́ ni bí wọn yóò ṣe mọ ọmọ tí ó ń lọ kí ìyá àgbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí a ń kó lọ tà, nígbà tí àwọn méjèèjì ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń pe àgbàlagbà tí ó mú wọn lọ́wọ́ ní «bùọ̀dá».

Lẹ́yìn ọdún 2023

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Èrè tí ó wà nínú gbígbé epo lọ sí Bẹ̀nẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójijì, iye «kpayo» sì fò sókè níbẹ̀. Bí náírà ti ń já wálẹ̀ sí sẹ́fà, ọjà Nàìjíríà di ọ̀pọ̀ lójú ará Bẹ̀nẹ̀: gàárì, àgbàdo àti nǹkan ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí epo ń gbà lọ, àwọn aráàlú sì ń ráhùn pé oúnjẹ tí a kórè lẹ́yìnkùlé wọn ti kọjá agbára wọn. Àwọn alágbàṣe láti ìhà Kétu àti Pòbẹ́, tí wọ́n máa ń wá kọ ebè ní oko Yewa nítorí owó Nàìjíríà, kò tún rí ìdí tí wọn yóò fi gba náírà. Àwọn ọ̀dọ́ Yewa kan ni ó ń rékọjá nísinsìnyí, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí a ó fi sẹ́fà san, tí wọ́n sì ń sùn sí ilé àwọn ìbátan kan náà tí ó gba àwọn òbí wọn ní ọdún 2021.